Ẹ Bi Bàbá Awọnlẹ̀: Ṣé Ẹ̀yìn Àpáta Yẹn Ṣeé Gbà?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá Awọnlẹ̀ fi wọn ilẹ̀ káàkiri Oǹdó àti Èkìtì kó tó fẹ̀yìn tì. Lóṣooṣù ló ń dá àwọn òǹkàwé wa tó ń gun òkè lóhùn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà la jọ máa ń gun òkè lópin ọ̀sẹ̀. A ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lọ sí ìlú àtijọ́ títí ó fi sú wa. Mo wá fa ìlà kan lórí fóònù mi: ó kúrò lẹ́yìn ìlú àtijọ́, ó gba orí àpáta ńlá kan, ó sì já sínú oko kòkó lódì kejì. Kò tó kìlómítà mẹ́ta. Fóònù ò fi ibi tó le kan hàn mí níbẹ̀, àpáta náà sì mọ́ lójú àwòrán, kò sígbó lórí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá la fẹ́ lọ. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣeé gbà? — Ẹsẹ̀-ń-yún-mi, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ pè ní "mọ́" yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Àpáta Ìdànrè kì í ṣe òkè tí erùpẹ̀ bò. Ó rí bí orí apárí: ó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín, bí ẹ bá sì ṣe ń sún mọ́ etí rẹ̀ ló ń dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dúró ṣánṣán. Kò síbi tí ẹ lè tọ́ka sí pé bèbè rèé. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan kàn ń fi díẹ̀ le ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni, ara á sì máa gbà á. Kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù, ẹ ti kọjá ibi tí ẹ ti lè fara balẹ̀ yí padà. Ẹni tó ń gùn ún láti ìsàlẹ̀ kì í kó sínú irú èyí, torí ibi tó le jù ló kọ́kọ́ ń bá pàdé. Bí kò bá lè gùn ún, á gba ilé lọ. Ẹni tó ń sọ̀ ni kò rí iwájú.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi àwọn tó ń fa ìlà pé: ibi tí ẹ bá sọ̀ dé, ṣé ẹ lè tún gùn ún padà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "a ò mọ̀," ọ̀nà náà kò ṣeé gbà lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ Endeavour tí Amẹ́ríkà rán lọ sí gbalasa òfuurufú gbé ẹ̀rọ rédà yí ayé po fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó sì wọn gíga ilẹ̀. Ìwọ̀n yẹn ni ọ̀pọ̀ áàpù ṣì ń lò fún ilẹ̀ wa. Láti ojú ìwọ̀n kan sí èkejì, nǹkan bí mítà 30 ni. Bí ògiri àpáta tó ga ní mítà 12, ìyẹn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin odindi, bá wà láàárín ojú méjì, fóònù á kàn fa ìlà láti èyí dé ìyẹn, á sì sọ fún yín pé ìdagẹ̀rẹ́ dígírì 22 ni. Ìyá àgbà lè rin dígírì 22. Òmíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: rédà yẹn kì í rí ilẹ̀ lábẹ́ igi ńlá, apá òkè igi ló ń kà. Ní ìsàlẹ̀ àpáta Ìdànrè, igi ńlá ló sì wà níbẹ̀. Nítorí náà ìsàlẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé ó ga ju bó ṣe rí lọ, ògiri àpáta a sì kúrú lójú fóònù.

Máàpù ìjọba tó jẹ́ pé mìlímítà kan lórí ìwé dúró fún mítà 50 nílẹ̀ sàn díẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ni ìlà gíga kan, ìyẹn ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, fi ga ju èkejì lọ. Bí ìlà méjì bá fi mìlímítà kan jìnnà síra, nǹkan bí dígírì 17 ni ẹ ń wò. Bí ó bá di ìdajì mìlímítà, ó ti lé ní 30. Níbi tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fa ìlà yín gba ibẹ̀, kí ẹ má tilẹ̀ jiyàn.

Àwòrán sátẹ́láìtì wúlò ju méjèèjì lọ fún irú àpáta wa, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wá. Òjìji ni kí ẹ wá. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń ya púpọ̀ nínú àwòrán wọ̀nyí, nígbà tí òjìji ń ṣubú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹ bá rí ọ̀já dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lápá ìwọ̀-oòrùn àpáta, ògiri ni. Àmọ́ apá ìlà-oòrùn kò ní òjìji nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, bí ògiri ibẹ̀ tilẹ̀ ga tó ògiri ọ̀run. Nítorí náà "mo wò ó, mi ò rí òjìji" kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀rí gidi wà nísàlẹ̀. Kí ẹ tó gun ohunkóhun, ẹ gbé ọ̀kadà lọ́jọ́ mìíràn lọ sí ìhà oko kòkó yẹn, kí ẹ wá ibi tí igi kò ti dí yín lójú, kí ẹ jókòó kí ẹ wo àpáta náà látòkè délẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ tún wò ó nírọ̀lẹ́, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ a máa tú àṣírí ohun tí ti àárọ̀ bò. Ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ wá ìlà tó fẹ̀, tó ń fi díẹ̀díẹ̀ sọ̀, tó sì dé ilẹ̀ gan-an láìjá láàárín. Níbi tó bá ti já, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n gíga èèyàn méjì péré, iṣẹ́ ti parí. Kí ẹ sì kí àwọn àgbẹ̀ tí ẹ bá bá níbẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí òkúta ti ń já bọ́ lé oko wọn.

Tí ẹ bá wá wà lórí àpáta fúnra rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Ìlà dúdú tó gùn látòkè wá sísàlẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń rí lára àpáta Ìdànrè kì í ṣe àwọ̀ òkúta. Ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ín ló hù sójú ibi tí omi òjò ń gbà. Tó bá gbẹ, ẹsẹ̀ á dì í mú dáadáa. Kí òjò díẹ̀ kàn án, tàbí kí ìrì àárọ̀ sẹ̀ sí i, ó di ọ̀bọ̀rọ́ nìyẹn, bàtà olówó ńlá kò ní gbà yín. Òkúta tó mọ́ láàárín ìlà dúdú méjì ni kí ẹ máa tẹ̀. Níbi tí ìlà dúdú bá ti ń pàdé ara wọn bí ẹ ṣe ń sọ̀, tí wọ́n ń di ẹyọ kan tó fẹ̀, omi orí àpáta ló ń kó ara rẹ̀ jọ lọ síbi tó ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹ má bá a lọ.

Koríko kan tún wà tó ń hù ní ṣùùrù-ṣùùrù lórí òkúta lásán. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rò pé ó ti kú pátápátá. Tí òjò bá rọ̀, á tún tutù yọ̀yọ̀. Ẹ má fà á láti fi gbé ara yín o! Erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò nípọn, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì wọnú òkúta. Mo ti rí i tó ká kúrò lára àpáta bí ẹní, lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Kí ẹ sì máa fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ, torí àpáta yìí a máa bó ní abala-abala. Bí ìró rẹ̀ bá ki, ó dì. Bí ó bá dún bí ẹni pé ihò wà nísàlẹ̀, abala tó ti ya ni, ó kàn gbé ara lé òmíràn ni.

Ẹ tẹ́ fóònù yín sílẹ̀ kó wọn ìdagẹ̀rẹ́. Ìyẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Lójú tèmi, dígírì 25 ni òpin fún àwọn tó kàn ń rìn. Bó bá dé 35, ẹni tó bá yọ̀ kò ní rí ohun tó máa dá a dúró. Àmọ́ ẹsẹ̀ yín ṣáájú fóònù: bí ẹ bá lè dúró lórí rẹ̀, kí ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mu omi, ó ṣì dára. Ní kété tí ẹnì kan nínú yín bá fi ìdí jókòó láti máa wọ́, gbogbo yín ni ẹ ó yí padà. Ẹni tó lẹ́rù jù nínú yín ló ń wọn ọ̀nà, kì í ṣe ẹni tó láyà jù.

Ẹ wo orí igi pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ewé igi ńlá níwájú, tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ojú yín, tí ẹ kò sì rí ìdí rẹ̀ rárá, gíga igi yẹn ló ń dúró dè yín lẹ́yìn etí àpáta. Ẹ máa bá a pàdé nílẹ̀ wa, torí igbó máa ń sún mọ́ ìdí àpáta gan-an. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ju òkúta sílẹ̀ kí wọ́n fi gbọ́ bó ṣe jìn tó. Ẹ má dán an wò, orí àgbẹ̀ ni ẹ ó jù ú lé.

Ẹ ó sọ pé ẹ ó mú okùn dání. Kí lẹ fẹ́ so ó mọ́ lórí àpáta tí kò ní igi? Kí ẹ sì so ara yín pọ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, ẹnì kan ṣoṣo tó bá yọ̀ á fa àwọn tó kù lọ. Ẹ fi okùn sílé.

Oṣù kọkànlá dára ju oṣù kẹsàn-án lọ ní tòótọ́, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìrì ṣì wà láàárọ̀ ṣá, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa orí àpáta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ojú àgbàrá tó wà láàárín àpáta méjì máa ń dà bí ọ̀nà àbùjá, àmọ́ ìgbà yẹn ni wèrèpè ń gbó níbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ń ṣe fún ara. Pẹ̀lú òkúta àti okùn igbó tó kún inú rẹ̀, kìlómítà kan ní wákàtí kan ni mo máa ń kà fún irú ibẹ̀, kì í sì í ṣe pé mo ń ṣọ̀lẹ. Ilẹ̀ á ṣú kété lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí agogo méjìlá ọ̀sán bá lù tí ẹ kò tíì fojú ara yín rí ibi tí ẹsẹ̀ yín máa ti kan ilẹ̀ oko, ẹ padà gba àtẹ̀gùn. Kí tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ oníkálukú, kì í ṣe iná fóònù.

Kí n má gbàgbé: àwọn ibì kan wà lórí òkè yẹn tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ̀, pàápàá lágbègbè òkè Ọ̀ròsùn. Ẹ bi àwọn amọ̀nà ní ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó kúrò lójú ipa. Bí ẹ bá sì rí ọ̀pọ̀lọ́ nínú pàlàpálá àpáta, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Irú kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé. Àwọn onímọ̀ kọ nípa rẹ̀ ní 1963, ó sì di 2013 kí wọ́n tó tún rí i. Orí òkúta tí omi ń rọra ṣàn lé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé kí wọ́n tó hu ẹsẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí wọn kò tíì gbẹ tó láti tẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa, ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Ní oṣù kẹfà, èmi àti baálé mi fẹ́ lọ sí àwọn òkè Cairngorm ní Scotland níbí. A fẹ́ gba orí òkè tó tẹ́ láàárín Cairn Gorm àti Ben Macdui, ká wá já sọ̀kalẹ̀ tààrà sí etí adágún Loch Avon láìtọ ipa. Ọ̀rẹ́ wa ní òfin Scotland gbà wá láyè láti rìn síbi tó wù wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ìyá Ìbejì, Aberdeen

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá wa. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2003 fún gbogbo èèyàn láyè láti rìn lórí òkè àti pápá, bí wọn kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Òfin ti gbà, àpáta ni kò tíì gbà.

Ọmọ mi kan wà ní Aberdeen, òun ló mú mi gun Cairn Gorm nígbà tí mo lọ kí i. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ fìlà mi lọ sí òkun. Ohun tí mo rí níbẹ̀ jọ ti Ìdànrè ju bí mo ṣe rò lọ: orí òkè tẹ́, èèyàn lè máa gbafẹ́ lórí rẹ̀, etí rẹ̀ ló wá ń sọ̀ lójijì. Cairn Gorm ga ní mítà 1,245, Ben Macdui 1,309, ojú omi Loch Avon sì wà ní nǹkan bí 725. Ibi tí ẹ ti fẹ́ já sọ̀ fi ohun tó lé ní mítà 300 ga ju adágún náà lọ. Láàárín odò kékeré Coire Raibert àti ti Coire Domhain, ògiri àpáta tí wọ́n ń pè ní Stag Rocks ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá já tààrà láti òkè, orí rẹ̀ ló máa bọ́ sí, kò sì ní rí i títí yóò fi dé etí.

Ẹ ra máàpù Ordnance Survey, iléeṣẹ́ máàpù ìjọba ibẹ̀, èyí tó jẹ́ pé mìlímítà kan dúró fún mítà 25. Ìlà gíga rẹ̀ fi mítà 10 jura lọ, wọ́n sì ya àpáta sórí rẹ̀ ní dúdú. Àlàfo funfun tí ẹ bá rí láàárín àpáta dúdú méjì lórí ìwé kì í ṣe ọ̀nà; ó lè jẹ́ koríko tutù tó dagun tó òrùlé. Ipa tó bá odò Coire Raibert sọ̀ le fún orúnkún, òkúta rẹ̀ sì ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀, àmọ́ ó já sísàlẹ̀. Ẹ gba ibẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kúrò lójú ipa, etí adágún ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí àṣìṣe kò ti ní ju kí bàtà rin lọ.

Ní oṣù kẹfà, yìnyín ṣì lè wà lórísun àwọn odò yẹn, pàápàá Coire Domhain. Ó le koránkorán láàárọ̀, omi sì lè ti jẹ abẹ́ rẹ̀ di ihò. Bí ẹ bá bá a lójú ọ̀nà, ẹ yà fún un. Bí ìkùukùu bá bolẹ̀ lórí òkè tó tẹ́ yẹn, ẹ kò ní rí ẹsẹ̀ ara yín. Kọ́ńpáàsì ni kí ẹ fi rìn, kí ẹ sì ti mọ ìtọ́ka rẹ̀ kí ìkùukùu tó dé. Ìṣirò àkókò tí Naismith, ará Scotland kan tó ń gun òkè, ṣe ní 1892 ṣì ń ṣiṣẹ́: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí ẹ fi wákàtí kan kún un fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí ẹ bá gùn. Ojú ipa ló ṣe é fún ṣá. Níbi tí kò bá sí ipa, èmi a máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kí ẹ sì rántí pé láti etí adágún, ẹ ṣì máa gun òkè padà kí ẹ tó dé ibi ọkọ̀ yín. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 ni, ọlọ́pàá ni kí ẹ béèrè, kí ẹ wá ní kí wọ́n pe àwọn tó ń gbani lórí òkè.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ọdẹ àdúgbò wa ní ọ̀nà wà lẹ́yìn ìlú tó gba orí òkè lọ sí ìsun omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ó ní kò jìnnà rárá. Ṣé kí n gbà á gbọ́? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

ÌDÁHÙN: Gbà á gbọ́, ọmọ mi, kì í parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé gbà fún ọdẹ kọ́ ló ṣeé gbà fún ọ, "kò jìnnà" rẹ̀ sì lè jẹ́ láti ìdájí di ọ̀sán. Bi í léèrè ìgbà tó gba ibẹ̀ kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni, igbó ti bò ó, àdá ni ẹ ó fi là á. Bi í bóyá ó ti mú ẹni tí kì í ṣe ọdẹ gba ibẹ̀ rí, àti ohun tó máa ń ṣe nígbà tí odò bá kún. Bó bá ní "a máa ń fò ó," ní kó fi bó ṣe fẹ̀ tó hàn ọ́ nílẹ̀. Òkúta òkè Ẹ̀fọ̀n kò dà bíi ti Ìdànrè. Ó máa ń fọ́ ní gígún-gígún, ó sì ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Má tẹ̀ lé ẹlòmíràn tímọ́tímọ́ níbi tó bá ti dagun, kí òkúta tó tú lẹ́sẹ̀ rẹ̀ má baà bá ọ.

Lẹ́yìn náà, bẹ̀ ẹ́ kó bá yín lọ fúnra rẹ̀. Máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Níbi tí òun bá ti dẹwọ́ ìrìn, tó ń wá ibi tẹ̀, ìwọ dúró kí o wo bó ṣe ṣe é tán kí o tó gbé ẹsẹ̀. Tó bá sì ní òun kò ní lè bá yín lọ, wádìí ìdí rẹ̀ dáadáa kí o tó dá lọ. Owó rẹ̀ ńkọ́? Nílé ni kí ẹ ti bá a sọ ọ́, kì í ṣe lórí òkè.